Ẹran Tó Wà Lábẹ́ Tábìlì

Fún ọdún kan àti oṣù méjì, ẹran ènìyàn méjì ni mò ń jẹ. Kì í ṣe wọ̀bìà ló ń dà mí láàmú o. Ìfẹ́ ni. Bí ẹ bá ń wá obìnrin tí ìfẹ́ sọ di oníkùn láìlóyún, ẹ má wulẹ̀ rìn jìnnà, èmi rèé.

Alápatà ni bàbá mi. Kì í sì í ṣe alápatà lásán, òun ni alága gbogbo àwọn alápatà mẹ́wàá tó ń lo ilé ìpẹran etí odò. Ìyá mi kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, láti ọdún náà ni mo sì ti ń dúró ti bàbá mi nídìí ìsọ̀, tí mò ń gé ẹran. Mi ò kì í lo òṣùwọ̀n. Sọ pé kílò kan lo fẹ́, màá wo itan màlúù náà lẹ́ẹ̀kan, màá gé e, bó o bá sì gbé e sórí ìwọ̀n, kílò kan géérégé ni. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ọjà fi ń pè mí ní Ojú-Ìwọ̀n. Mò ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ojú mi mú, àti pé bó ṣe mú tó yẹn, ohun tó wà lábẹ́ tábìlì bàbá mi ni mi ò rí.

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan ni mo kọ́kọ́ rí Olómi. Ọjọ́ Jímọ̀ la máa ń pa ẹran jù, nítorí àwọn tó ń rajà òpin ọ̀sẹ̀. Mo gbé ike ìgbẹ́ màlúù lọ sẹ́yìn ilé ìpẹran, níbi tí gọ́tà wa ti ń ṣàn wọ inú odò. Ibẹ̀ ni mo ti bá ọkùnrin kan tó wọ bàtà òjò, tó bẹ̀rẹ̀, tó ń bu omi pupa náà sínú ìgò.

"Ẹ̀yin ọ̀gá," mo ní, "ẹ̀rọ omi wà níwájú o. Èyí ò ṣeé mu."

Ó gbójú sókè. "Mo mọ̀ pé kò ṣeé mu. Bí kò ṣe ṣeé mu tó ni mo wá wò."

"Iṣẹ́ nìyẹn ni?"

"Wọ́n ń sanwó oṣù fún mi lórí ẹ̀."

"Kí ẹ máa kó omi ẹ̀jẹ̀ lọ sílé?"

"Yàrá àyẹ̀wò ni mò ń kó o lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì da ti ọwọ́ yín yẹn. Ẹ jẹ́ kí n bu tèmi tán."

Mo gbé ike ìgbẹ́ dání, mo dúró. Èmi tí mi ò kì í dúró de oníbàárà tó bá ń fi àkókò ṣòfò. Ó kọ ọjọ́ sára ìgò náà, ó dì í, ó dúpẹ́, ó sì lọ. Ìgbà tó ti lọ tán ni mo rántí pé ike yẹn wúwo.

Ní ọjọ́ kejì, ó yọ nídìí ìsọ̀ mi. "Ìdajì kílò," ó ní. Mo gé e fún un. Ọwọ́ mi ló ń wò, kò wo ẹran rárá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wá ní gbogbo Sátidé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ìdajì kílò, ìdajì kílò, mo sì ti ń ronú nínú ọkàn mi pé ọkùnrin yìí á mọ oúnjẹ sè. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ó gbàgbé ṣéńjì ẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo sáré tẹ̀lé e. Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà ọjà, tó lósòó, tó ń fi ẹran mi bọ́ ajá ọlọ́dẹ.

Ajá náà ti sanra débi pé kò lè gbó mọ́.

"Olómi," mo ní, "ajá lo ń ra ẹran fún?"

Ojú tì í. "Mi ò kì í jẹ ẹran. Ọdún kẹfà rèé."

"Kí lo wá ń rà nídìí ìsọ̀ mi?"

"Ẹni tó ń gé e ni mo ń wá wò."

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo jókòó ti òun àti ajá.

Ibẹ̀ ló ti ṣàlàyé fún mi. Ó ní kì í ṣe pé òun kórìíra ẹran, pé bí òun bá ń kọjá níbi tí wọ́n ti ń sun ún, ẹsẹ̀ òun ń fà. Ó ní nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n rán òun lọ síbi tí wọ́n ti ń sin màlúù, òun sì rí i pé igbó tí òun mọ̀ ní kékeré ti di ilẹ̀ gbalasa. Wọ́n ti gé e, wọ́n ti dáná sun ún kí màlúù lè rí koríko jẹ, odò tó wà láàárín ẹ̀ sì ti gbẹ. Ó tún sọ pé èéfín tó ń jáde lẹ́nu màlúù bó bá gùfẹ̀ wà lára ohun tó ń mú kí ayé máa gbóná sí i.

"Gùfẹ̀ màlúù?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

"Èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín," ó ní. Ó fọwọ́ pa ajá náà lórí. "Bàbá mi ń jẹ ẹran láàárọ̀, ó ń jẹ ẹ́ lálẹ́. Àrùn ìfun ló pa á. Dókítà ní kì í ṣe ẹran nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n ẹran wà níbẹ̀. Ikún ń jọ̀gẹ̀dẹ̀, ikún ń rèdí, ikún ò mọ̀ pé ohun tó dùn ní í pani."

Mo wo ọwọ́ mi. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí abẹ́ èékánná mi, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń rí látìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Ó mú ọwọ́ náà, ó dì í mú bẹ́ẹ̀ láìnù ún. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀ràn mi bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí bàbá mi gbọ́ pé ọkùnrin tó ń yẹ omi wò ń yí mi ká, ó sọ ọ̀bẹ kalẹ̀. "Mo gbọ́ pé kì í jẹ ẹran," ó ní. "Ẹni tó bá máa fẹ́ ọmọ mi, ẹran tí mo bá fọwọ́ ara mi gé ló máa jẹ, lójú mi. Iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ẹ nìyí. Ẹni tó bá ń yínmú sí i ò lè mú ọ jáde nílé yìí."

Mo sá lọ bá Àǹtí Aránṣọ, àbúrò ìyá mi. Òun ló tọ́ mi dàgbà, kò sì sí ohun tí ẹnu ẹ̀ ò lè tún rán bó bá ya. Ó gba iṣẹ́ alárinà lójú ẹsẹ̀. Ó wọlé tọ bàbá mi, èmi sì fetí sí ògiri.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló parọ́ yẹn fún yín? Ọmọkùnrin yẹn? Ó ń jẹ ẹran débi pé ó ń rún egungun mọ́ ọn!"

"Ṣé òótọ́?"

"Bí mo bá purọ́, kí abẹ́rẹ́ gún mi."

Ẹ rántí pé aránṣọ ni. Ojoojúmọ́ ni abẹ́rẹ́ ń gún un.

Bàbá mi ronú díẹ̀. "Kó máa bọ̀ ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, kó wá bá mi jẹun," ó ní. "Bí mo bá ti rí i fún ìgbà díẹ̀, a óò sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó."

Ìgbà díẹ̀ náà ló di ọdún kan àti oṣù méjì.

Yàrá ìjẹun wa tóóró. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni tábìlì wà, nítorí náà a máa ń jókòó tò sí ìlà kan ni, tí gbogbo wa ń wo kàlẹ́ńdà ara ògiri. Bàbá mi á wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, Olómi á wà lọ́wọ́ òsì mi, Àǹtí Aránṣọ á jókòó sí etí tábìlì. Bàbá mi á gé ẹran, á pín in, á ní, "Ẹ jẹ ẹran, ẹ má fojú wò ó," á sì yíjú padà sápá ògiri, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ tiẹ̀. Bó bá ti yíjú báyìí, Olómi á yọ ọ̀rá kékeré kan, á ki ẹran sí i, á gbé e lé mi nítan lábẹ́ aṣọ tábìlì. Bí mo bá jẹ tèmi tán, màá yọ tiẹ̀ díẹ̀díẹ̀, màá jẹ ẹ́. Mi ò lè sọ ọ́ nù, nítorí bàbá mi máa ń yẹ inú garawa ìdọ̀tí wò.

Àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Aṣọ ò gbà mí mọ́. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni Àǹtí ń tú ìdí aṣọ mi, tó ń sọ pé, "Ojú-Ìwọ̀n, ìwọ náà gun orí ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan." Mo máa ń bi Olómi pé ìgbà wo la máa sọ òótọ́, á ní kí n sọ ọjọ́. Èmi náà ò lè sọ ọjọ́. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ní oṣù kẹfà tí a ti ń jẹun bẹ́ẹ̀ ni Olómi mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀.

Mi ò béèrè ibi tí ìyá náà ń gbé tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí a dé ibẹ̀ ni mo rí odò. Odò wa ni, nísàlẹ̀. Alágbàfọ̀ ni ìyá náà. Aṣọ funfun ilé ìwòsàn àti ti ilé ìtura ló ń fọ̀, gbogbo ẹ̀yìn ilé ẹ̀ kún fún okùn ìsáṣọ. Ó ti se omi tó gbé fún mi mu, ó fi ọmọrí bò ó. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó gbá ojú mi mú, mo sì rí i pé ọwọ́ ẹ̀ ti bó láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka.

"Ìwọ lo gba ọkàn ọmọ mi," ó ní. "Má wo ọwọ́ mi, ọmọ mi, omi ló ń ṣe é. Lọ́jọ́ mìíràn, omi á dáa. Bó bá di ọjọ́ Jímọ̀, á yí padà, á máa rùn, ara á máa yún mi. Àwọn ọmọ kéékèèké ẹ̀gbẹ́ wa níbí, wọ́n á máa ya ìgbẹ́ gbuuru láti Sátidé. Mo ti bi ọmọ mi títí, ó ní òun ń wádìí. Ìwọ mọ ìdí tó fi máa ń jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀?"

Mo wo Olómi. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Rárá, Mà," mo ní.

Mo mu omi náà tán. Ó ní kí n tún mu, mo tún mu. Ìfẹ́ wa ń dàgbà, irọ́ wa náà ń dàgbà, mi ò sì mọ èyí tó ń gbé èkejì pọ̀n mọ́.

Láàárín oṣù yẹn ni ẹsẹ̀ tó ti ń dun bàbá mi tipẹ́ wá mú un tiro. Oríkèé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ẹ̀ wú, ó pọ́n. Ó ní bàtà ló fún òun. Ó gé iwájú bàtà náà dànù. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tiro nínú bàtà tí ò níwájú. Ìka ọwọ́ ẹ̀ náà wú. Bí mo bá ní ká lọ rí dókítà, á ní, "Dókítà ń jẹ ẹran tí mo bá tà, ṣé òun ló máa wá kọ́ mi ní ọ̀rọ̀?" Mi ò mọ̀ pé ó ti ń lọ láìsọ fún mi.

Ní ọjọ́ Túsídeè kan, nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún kan ààbọ̀ pé tí Olómi ti ń bu omi, bàbá mi ń nu ọ̀bẹ nídìí ìsọ̀. Láìwo ojú mi, ó ní, "Sọ fún Olómi ẹ pé kó wá fẹ́ ọ. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí."

"Bàbá! Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù!"

"Ṣé o fẹ́ kí n yí ọkàn padà ni?"

Mo dì mọ́ ọn tòun ti ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ mi. Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, mo gé ìdajì kílò fún obìnrin tó béèrè kílò kan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ojú mi máa tàsé. Bàbá mi fi lẹ́ẹ̀dì pupa yí ọjọ́ náà ká lórí kàlẹ́ńdà.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù Àǹtí, mo dúró sórí àpótí. Aṣọ ìgbéyàwó funfun wà lọ́rùn mi, abẹ́rẹ́ yí mi ká láti àyà dé ìbàdí. Àǹtí kó abẹ́rẹ́ mìíràn sẹ́nu, ó ń fi ètè kan sọ̀rọ̀.

"Bàbá ẹ gbọ́n o. Ẹni tó bá ti di àna, kò lè buwọ́ lùwé mọ́."

"Ìwé wo, Àǹtí?"

Ó yọ abẹ́rẹ́ ẹnu ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí tìmùtìmù.

"Ìwé wo?"

"Mo rò pé ó ti sọ fún ẹ." Ó jókòó. "Àwọn tó rán Olómi níṣẹ́ kọ lẹ́tà sí i, torí òun ni alága. Ó pẹ́ tán, ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí ni àyẹ̀wò omi máa parí. Bí Olómi bá buwọ́ lu àbájáde ẹ̀, wọ́n máa ti ilé ìpẹran pa títí wọ́n á fi gbẹ́ kòtò tó máa gba ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́. Ẹnìkan wá fi fọ́ọ̀mù han bàbá ẹ. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá tan mọ́ àwọn tó ni ibi tí wọ́n yẹ̀ wò, nípa ẹ̀jẹ̀ tàbí nípa ìgbéyàwó, ìwé ẹ̀ ò wúlò. Wọ́n á wá ẹlòmíì, ẹni yẹn á sì bẹ̀rẹ̀ látorí oṣù àkọ́kọ́."

"Àfẹ́sọ́nà ńkọ́?"

"Àfẹ́sọ́nà ò sí lórí fọ́ọ̀mù."

Mo fẹ́ jókòó, abẹ́rẹ́ gún mi. Mo fẹ́ mí, aṣọ fún mi láyà. Mo fẹ́ bọ́ ọ, Àǹtí ní bí mo bá fà á, á ya. Mo dúró sórí àpótí náà, mo di ère. Ìyọ̀ǹda tí mo ti ń fi ikùn mi ra láti ọdún tó kọjá, mo ti rí i gbà, ìyọ̀ǹda náà gan-an ló sì fẹ́ sin ọwọ́ ìyá Olómi sínú omi yẹn.

Mo lọ bá Olómi nínú yàrá àyẹ̀wò. Ìgò wà lórí pákó láti òkè dé ilẹ̀, ọjọ́ Jímọ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rí èyí tó bù lọ́jọ́ tí mo gbé ike dúró dè é.

"O mọ̀ nípa fọ́ọ̀mù," mo ní.

Kò díbọ́n. "Mo mọ̀."

"O sì dákẹ́?"

"Bàbá ẹ fi ọ́ fún mi. Ṣé kí n ní rárá?" Ó ti ìgò kan sẹ́yìn lórí pákó. "Ọdún kan àti oṣù méjì ni mo fi ń gbé ẹran lé ọ nítan bí olè. Ó ti rẹ̀ mí. Mo fẹ́ ilé tèmi, mo fẹ́ kí o jókòó síbẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwé ni mo máa fi gbà ọ́, kí ìwé máa lọ."

"Ìyá ẹ ńkọ́?"

"Màá mú ìyá mi kúrò níbẹ̀."

"Àwọn ọmọ tó ń ṣu láti Sátidé ńkọ́? O máa kó gbogbo wọn wá bá wa gbé?"

Ó wo ìgò, ó wò mí. "Sọ ohun tó o fẹ́ kí n ṣe, màá ṣe é," ó ní.

Bí mo bá ní kó buwọ́ lù ú, mo ti fọwọ́ ara mi ti ìsọ̀ bàbá mi, bóyá bàbá mi ò sì ní pè mí lọ́mọ mọ́. Bí mo bá ní kó má buwọ́ lù ú, ọkùnrin tó di ọwọ́ mi mú tòun ti ẹ̀jẹ̀ yẹn ti kú nìyẹn, ẹlòmíì ni mo fẹ́ fẹ́. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Mo jáde láìdágbére.

Ọjọ́ Àìkú dé. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin. A jókòó tò, a dojú kọ ògiri. Bàbá mi gé ẹran, ó pín in.

"Olómi, ìgbẹ̀yìn tó o máa jẹun níbí bí àlejò nìyí," ó ní. "Ẹ jẹ ẹran, ẹ má fojú wò ó." Ó yíjú sápá ògiri.

Ọ̀rá dé orí itan mi láti ọwọ́ òsì, bíi ti àtẹ̀yìnwá. Mi ò tíì mú un tí nǹkan mìíràn fi já lu orúnkún mi láti ọwọ́ ọ̀tún. Ó gbóná. Kò sí nínú ọ̀rá. Epo ẹ̀ ṣàn wọ inú aṣọ mi.

Mo gbé aṣọ tábìlì sókè díẹ̀. Mo rí ọwọ́ bàbá mi lábẹ́ tábìlì, ìka tó wú, tó ń táràrà lára igi, tó ń wá nǹkan. Ìṣó kan wà níbẹ̀ tí mi ò rí rí, ọ̀rá dúdú kan sì rọ̀ mọ́ ọn. Ọwọ́ náà ò tíì mọ̀ pé òun ti tàsé.

Mo mú ẹran tó já bọ́ náà. Mi ò nílò òṣùwọ̀n. Ìdajì kílò ni. Kò sẹ́lòmíì tó ń bu ẹran tó bẹ́ẹ̀ nílé wa ju alága lọ.

Kì í ṣe ìbínú ló bá mi, àánú ni. Mo gbé e sórí tábìlì. Mo gbé ti Olómi tì í, nínú ọ̀rá ẹ̀. Mo tún ti tèmi náà sọ́dọ̀ wọn.

"Bàbá," mo ní, "ẹran yín bọ́ sílẹ̀."

Ọwọ́ abẹ́ tábìlì dúró. Àǹtí ní, "Yéè."

Bàbá mi wo ẹran mẹ́ta náà pẹ́. Ó nawọ́ sí èyí tó wà nínú ọ̀rá. "Ta ló ni ìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá," Olómi ní.

"O ò kì í jẹ ẹran?"

"Mi ò kì í jẹ ẹ́, sà."

"Láti ìgbà wo?"

"Kí n tó mọ ọmọ yín."

Bàbá mi yíjú sí Àǹtí. "Ìwọ lo ní ó ń rún egungun mọ́ ọn."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n ní ajá ló ń bá a rún un ni?"

Lọ́jọ́ mìíràn, à bá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá?" mo béèrè. "Ìṣó yẹn ti pẹ́ tó níbẹ̀?"

Ó fa ẹsẹ̀ ẹ̀ jáde, ó nà án. Ó pọ́n kọjá ti tẹ́lẹ̀. "Ọdún méjì," ó ní. "Dókítà ní ẹran tí mo ń jẹ ti pọ̀ jù fún ara mi, ohun tó ń kó sínú oríkèé mi nìyí. Ó ní bí mi ò bá jáwọ́, mi ò ní lè tẹ ẹsẹ̀ yìí mọ́lẹ̀ mọ́." Ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀. "Alápatà tí ò lè jẹ ẹran tó tà, ta ló máa rà á lọ́wọ́ ẹ̀? Alága wọn! Mò ń rẹ́rìn-ín jẹ díẹ̀ nídìí ìsọ̀, mò ń ki ìyókù sínú ọ̀rá nílé. Gbogbo ìgbà tí mo bá yíjú sí ògiri yẹn, ẹ̀rù ló ń bà mí."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tiwa ò tiẹ̀ rìn jìnnà. Gbogbo rẹ̀ wà lábẹ́ tábìlì kan náà.

Mo mọ̀ pé bí mi ò bá sọ ọ́ báyìí, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́. "Bàbá, ìyá Olómi ń fọṣọ nísàlẹ̀ odò. Ọwọ́ wọn ti bó. Wọ́n bi mí ìdí tí omi fi ń yí padà lọ́jọ́ Jímọ̀, mo sì ní mi ò mọ̀, torí mo fẹ́ ọmọ wọn. Mo nífẹ̀ẹ́ Olómi. Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ débi tí mo fi ba ikùn ara mi jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìwé yẹn bá ṣì ṣófo ní Ọjọ́bọ̀, mi ò ní wọ aṣọ Àǹtí. Mi ò ní fẹ́ ẹ."

Olómi mí bí ẹni tí wọ́n lù.

"O fẹ́ kí wọ́n ti ilé ìpẹran," bàbá mi ní.

"Kí wọ́n gbẹ́ kòtò, Bàbá."

"Kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, wọ́n máa tì í. Mẹ́sàn-án ni àwọn tó kù. Wọ́n á ní mo tà wọ́n torí ọmọ."

Mo fẹ́ sọ pé wọn ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ọkàn mi kọ̀. Irọ́ ti tó. "Wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá."

Ó gbé ojú sókè sí kàlẹ́ńdà, sí ọjọ́ tó fi lẹ́ẹ̀dì pupa yí ká. "Olómi, ìwé náà dà?"

"Ó wà nínú báàgì mi, sà."

"Mú un wá."

Mo rò pé ó fẹ́ fà á ya. Ó fi ìka wíwú tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, epo ọwọ́ ẹ̀ kán sí i níbi méjì. Nígbà tó dé ìlà tí wọ́n kọ ìgbéyàwó sí, ó kà á sókè. Lẹ́yìn náà, ó ti abọ́ ẹran sẹ́yìn, ó tẹ́ ìwé náà síwájú Olómi.

"Lónìí, ìwọ kì í ṣe àna mi," ó ní.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," mo bẹ̀rẹ̀.

"Dákẹ́. Mo ní lónìí, kì í ṣe àna mi. Ọjọ́bọ̀ ló máa dà á." Ó ti bíró sí ọwọ́ Olómi. "Torí náà, buwọ́ lù ú kíá, kó tó di pé o ò lè buwọ́ lù ú mọ́."

Olómi gbé bíró lé ìwé. Bàbá mi gbé ọwọ́ lé etí ìwé náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì kó má bàa yẹ̀, títí ó fi buwọ́ lù ú tán.

Ní Ọjọ́bọ̀, àga mẹ́sàn-án la tò síwájú fún àwọn alápatà. A dúró dè wọ́n títí. Kò sí ẹni tó wá. Mo dúró nínú aṣọ funfun mi, mo ń wo àga òfìfo, mo sì ń wo bàbá mi tí ọwọ́ ẹ̀ ò rí nǹkan dì mú. Ó dìde, ó tiro lọ sí ìlà náà, ó jókòó sórí ọ̀kan, ó gbé ẹsẹ̀ tó wú lé èkejì. Lẹ́yìn náà, ó fọwọ́ gbá ìkẹta.

"Àna mi," ó pe Olómi, "wá jókòó tì mí."